Òǹtẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni mo fi lu òǹtẹ̀ nílé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣágámù,
yàrá kẹta lápá òsì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tí kò lómi.
Bí ọmọ bá dáyé, èmi ni mo ń sọ fún ìjọba pé ó ti dé.
Gbì! Yíǹkì pupa. Ọmọ di ẹni.

Nígbà tí Ọnọrébù Ṣótúmínú kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi,
kò rán tọ́ọ̀gì, kò rán ọlọ́pàá.
Ó fi àpò gaàrì kan ránṣẹ́, ó kúnná, ó kan dáadáa.
Mo tú u, mo bá owó nísàlẹ̀, àti bébà kan:
orúkọ méje, ọjọ́ orí méje.
"Bàbá Òǹtẹ̀, ẹ bá wa gbé ọdún díẹ̀ lé wọn lórí.
Wọ́n ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lókè òkun."

Mo gbé e lé wọn lórí.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sùn, ó jí ní ẹni ogún.
Kí ni ọdún mẹ́fà lẹ́nu gègé?

Ẹ má bi mí bóyá n kò mọ̀.
Mo mọ̀ ọ́n bí a ti ń mọ̀ pé ikán wà lájà:
èèyàn á gbọ́ ọ lóru, á yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn.
Owó yẹn ni mo fi kan páànù.

Ní Sábó, wọ́n máa ń ṣa obì, wọ́n á kà á,
wọ́n á fi ewé dì í sínú agbọ̀n, wọ́n á tún kà á
kí ọkọ̀ tó forí lé Kánò.
Bí agbọ̀n kan bá dín, ariwo dé Ìjọkùn.
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo dúró ra àgbàdo sísun,
mo rí tírélà kan tí wọ́n to agbọ̀n yí ká,
wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín, wọ́n ta tapólì bò ó.
Nǹkan kan wúkọ́ níbẹ̀.

Obì kì í wúkọ́.

Mo sanwó àgbàdo mi. Mo lọ sílé.

Ìdìbò kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nígbà tí ìyá Mọ́jọyin wọlé.
Láti Mákun dé Ọ̀fin, Ọnọrébù ń rẹ́rìn-ín lára ògiri,
ó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.
Obìnrin náà kò jókòó.
"Ó pè mí láti ìlú oníyanrìn kan tí kò morúkọ rẹ̀.
Mo mú ìwé ìbí rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá.
Wọ́n ní ẹni ogún ọdún kì í ṣọmọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn.
Bàbá, ọdún tí Ìbù kún bo afárá ni mo bí i.
Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ dùn."

Lóòótọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé pélébé ni mo yí. Ìwé ńlá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
eku ti jẹ etí rẹ̀, kò tíì dé ibi orúkọ.
Mo ṣí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ìgbà tí kò tíì máa gbọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù dún.
"Bàbá Òǹtẹ̀, ilé àtijọ́ ni ọ́fíìsì yín, wáyà ibẹ̀ kò dára.
Ẹ sinmi lọ́la. Ẹ má wá."

Mo ra agbọ̀n ní Sábó, mo fi ewé tẹ́ inú rẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà nínú ọkọ̀ Abẹ́òkúta.
Mo rí èéfín lẹ́yìn wa, bóyá ti aláàkàrà ni.
Ọmọ ọkọ̀ ní kí n gbé agbọ̀n sí búùtù.
Mo ní kò ní wọ búùtù.
Ó ní á jẹ́ pé ẹ ó sanwó ìjókòó méjì nìyẹn.

Mo ka owó náà lé e lọ́wọ́. Mo tún un kà.